Má Lọ Fowó Ra Òtútù

Ilé Bàbá Rẹ,
Ẹ̀fọ̀n Alààyè.
Oṣù Ẹrẹ́nà, ó ku díẹ̀ kí Àjíǹde dé.

Motọ́lání, Àníkẹ́ mi,

Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ wà? Ooru ńkọ́? Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dáni lóhùn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí ọ tán báyìí, mo máa ń gbé bírò sílẹ̀ díẹ̀ kí ìwọ náà lè ráyè dá mi lóhùn níbikíbi tí o bá wà. Ó dáa, mo ti gbọ́. Èmi náà wà ńbí, mo ń jẹ, mo ń sùn, orúnkún nìkan ló máa ń ṣàròyé bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run tó ni òjò kò ní gbàgbé òrùlé rẹ. Níbi tí oòrùn bá ti ń na ọmọ aráyé, ibòji ni yóò máa bá ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ rìn. Tèmiolúwa yóò dàgbà níṣojú rẹ, iná Ìmọ́lẹ̀ kò ní kú, ọwọ́ tí o fi ń ka owó olówó ní báńkì, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi ka tìrẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Akínbíyìí ọlọ́pàá, ọmọ ilé kejì sí wa, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ó wá lo ìsinmi nílé, ó ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Port Harcourt báyìí. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi ò fi pè mí. Fóònù tí o rà fún mi dára, àmọ́ kò ní àṣírí. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́ kó pariwo, n kì í gbọ́ nǹkan kan, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, gbogbo agboolé ló ń gbọ́, wọn ò sì ní gbọ́ kí wọ́n dákẹ́, wọn á tún máa bá mi fèsì. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí o sọ pé ẹ kò ní wá sílé fún Àjíǹde, kí n tó la ẹnu ni Ìyá Adédayọ̀, ìyálé gbogbo wa, ti dá ọ lóhùn láti ìdí àdògán pé kí ẹ máa gbádùn ara yín o. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé, tí mo ra bírò, tí mo ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. O ní ooru ti pọ̀ jù, pé iná kì í wá, pé jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ọ̀mùtí, pé ooru ti sú bo Ìmọ́lẹ̀ lọ́rùn dé ẹ̀yìn. O ní bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé, ìwọ náà á gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ẹ ó sì lọ sí orí òkè kan lápá Kàlábà lọ́hùn-ún níbi tí òtútù wà, pé wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀ fún àwọn tó ń sá fún ooru ìlú ńlá, ẹ ó gba yàrá, ẹ ó sanwó. Mo ní ilé ńkọ́? O ní Màámi, ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Àníkẹ́, láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ lo ti ń wò ó ná. Tèmiolúwa kéré nígbà náà, Ìmọ́lẹ̀ ò tíì dáyé, kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé yìí títí di òní. Ohun tí mo ń wá nínú gbogbo lẹ́tà yìí kò ju ẹyọ kan lọ, kí ẹ yí mọ́tò yín sọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ẹ wá sílé.

Ìyá Doyinsọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, bá mi ṣí àwòrán òkè náà tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo wò ó dáadáa, n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí n kò rí. Mo rí okùn tí wọ́n ta láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, tí àwọn èèyàn jókòó sínú àpótí lábẹ́ rẹ̀ bí ẹyẹ inú àgò. Mo bi í pé ta ló so okùn yẹn. Ó ní ẹ̀rọ ni. Mo ní bó ṣe ẹ̀rọ, ṣebí èèyàn kan ló so ó mọ́ ẹ̀rọ? Adẹ́mu wa ńbí kì í gun ọ̀pẹ kó má kọ́kọ́ fa igbà rẹ̀ wò láàárọ̀, síbẹ̀ ọ̀pẹ ti jù ú sílẹ̀ rí. Mo tún rí omi tí wọ́n gbẹ́ kòtò fún, omi náà dúdú bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, Ìyá Doyinsọ́lá ní àwọ̀ búlùú ni wọ́n ń pè é. N kò mọ ẹni tó da gbogbo búlùú yẹn sí i, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ funfun là ń fi búlùú ṣan, a kì í fi ṣan èèyàn. Gbogbo wọn ló wà nínú omi ìwẹ̀ kan ṣoṣo, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀kan tiẹ̀ wọ awò dúdú sójú. Mo ní ta ló kọ́kọ́ wẹ̀ nínú wọn o, nítorí ẹni tó bá wẹ̀ kẹ́yìn, ìdọ̀tí ará iwájú ló fi para.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn tó dúró síwájú kùrukùru tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Kùrukùru, Motọ́lání! Irú èyí tó ń bo ojú ọ̀nà wa láràárọ̀, tí mo fi máa ń lé ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ wọlé tí mo rò pé tèmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ẹni tó sanwó kùrukùru fún wa rí. Bí ẹ bá jí láàárọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn wa, ẹ kò ní rí òkè gan-an àfi bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ wọlé débi pé aṣọ òtútù ni mo máa ń lọ́ mọ́ra lọ sí ìdí iná. Ilé làbọ̀ sinmi oko. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé ilé àlejò làbọ̀ sinmi oko.

Má rò pé mò ń fi ooru yín ṣeré. Ó jẹ mí lára nígbà tí mo wá tọ́jú ọ ní Elekahia, ládùúgbò yín ní Port Harcourt, nígbà tí o bí Ìmọ́lẹ̀. Bí mo bá sá ìlédìí rẹ̀ síta ní funfun, èéfín dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run á ti pa á láró kó tó gbẹ, n ó tún un fọ̀, á tún dúdú. Obìnrin ará Okrika tó ń gbé ẹja wá sí ẹnu géètì yín máa ń jókòó sórí báàfù rẹ̀, á máa fi ọmọrí fẹ́ra, á ní Mama, dis sun no get respect at all. Èmi náà á fi Yorùbá dá a lóhùn pé kò ní, kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé, ọ̀rọ̀ wa sì yé ara wa dáadáa. Mo rántí ọjọ́ tí Adébánjọ ọkọ rẹ wà wá lọ sí Okrika náà, tí a dúró létí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa, ó ra ẹja sísun, ó ń yọ eegun rẹ̀ fún ọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé n kò fẹ́ ká padà.

Ẹ̀rọ tó ń tú òtútù jáde nínú yàrá rẹ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Nígbà tí iná wá lọ́jọ́ kan tí ara tù mí, mo ní kí n lọ wo ibi tí òtútù yìí ti ń wá, kí n lè dúpẹ́. Mo yí ká dé ẹ̀yìn ilé. Àpótí ńlá kan ni mo bá níbẹ̀ tó ń fẹ́ ooru bí ẹnu ààrò, fèrèsé ilé kejì ló sì kọjú sí. Mo wo ilé kejì, tiwọn náà kọjú sí fèrèsé yín. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ẹ̀rọ yìí kò ṣe òtútù kankan, ó kàn ń kó ooru yín dà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ojú tì mí. Mo lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin ilé kejì, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú, a ò mọ̀ ni. Tèmiolúwa ló bá mi túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Mama, stand up abeg, na so everybody dey do am. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé. Bí oníkálukú bá ń ti ooru tirẹ̀ jáde láti fèrèsé, ibo ni ooru náà fẹ́ lọ? Ẹnu ọ̀nà ni yóò gbà padà wọlé. Mo máa ń rò ó bí mo bá ń gbá ilẹ̀.

Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí o gbé fóònù fún Ìmọ́lẹ̀, ó bi mí bóyá òtútù wà nílé wa. Mo ní ó pọ̀ bí ilẹ̀. Ó ní Grandma, make you keep small for me. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n jókòó. Ní ọjọ́ kejì mo ṣí yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí òkè, mo kó àgbàdo kúrò níbẹ̀, mo ní kí káfíńtà fẹ fèrèsé rẹ̀ lójú sí i. Mo tẹ́ ibùsùn pẹ̀lú aṣọ funfun bí mo ṣe rí i nínú àwòrán yín. Mo rí i tí wọ́n ká táwẹ̀lì bíi pẹ́pẹ́yẹ lórí ibùsùn, èmi náà gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n adìyẹ tó ń sàba ló jọ, mo fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ Yàrá Kìíní sára ilẹ̀kùn. Kò sí Yàrá Kejì, àmọ́ ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ibi tó létò ni.

Ibẹ̀ ni Ìyá Adédayọ̀ bá mi. Ó wo fèrèsé, ó wo ibùsùn, ó wo pẹ́pẹ́yẹ mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí bóyá Motọ́lání fẹ́ wá dálémosú ni. O mọ ìdí tó fi bi mí bẹ́ẹ̀. Yàrá yẹn ni Àǹtí Ayọ̀fẹ́mi, àbúrò bàbá rẹ, gbé láti ọjọ́ tó ti kó kúrò nílé ọkọ títí ó fi kú. Dálémosú ni wọ́n ń pè é nínú agboolé yìí títí irun rẹ̀ fi funfun, bó bá sọ̀rọ̀ nípàdé, wọn á ní kí ẹni tó nílé ọkọ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ ná. Ìwọ lo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. O bi mí nígbà kan bóyá mosú ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Mo bínú sí Ìyá Adédayọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ mi ní ọkọ, ọkọ rẹ̀ wà nílé, ó tilẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́ báyìí ni.

Nítorí ohun tí o máa ń sọ fún mi nìyẹn. Bí mo bá ní kí o gbé fóònù fún àna mi kí n kí i, o ní ó wà ní balùwẹ̀. Nígbà Kérésìmesì, ó ń wẹ̀. Nígbà ọdún tuntun, ó ń wẹ̀. Ọjọ́ ìrántí bàbá rẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ wẹ̀ ni. Mo ní ooru ìlú yẹn mà ga o, ó ti sọ àna mi di ẹja. Mo tiẹ̀ bẹ̀rù kí ara rẹ̀ má bó, mo gún ọṣẹ dúdú, mo po òrí mọ́ ọn, mo dì í kí Akínbíyìí bá mi gbé e fún un. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́, mo bi í bóyá ó máa ń rí Adébánjọ. Akínbíyìí ní, ha, Màmá, ó pẹ́ díẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ so okùn bàtà òun. Bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀.

Mo mú ọṣẹ mi, mo padà wọlé. Mo jókòó, mo sunkún, àmọ́ kì í ṣe nítorí Adébánjọ. Ìwọ ni mo ń wò lójú mi, tí o ń sáré gbé fóònù kúrò nítòsí àwọn ọmọ, tí o ń wá ọ̀rọ̀ tí wàá sọ fún ìyá rẹ, tí o ń lọ sí báńkì láàárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, tí o ń dá gbé gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí pé ìwọ nìkan ló wà nínú ooru yẹn. N kò bínú sí ọ. Irọ́ náà kò burú, ó kàn ti gbó ni. Ó tún wá yé mi ìdí tí òkè Kàlábà fi yá ọ lára ju òkè tiwa lọ. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ yàrá Àǹtí Ayọ̀fẹ́mi. Wọn á kàn gba owó lọ́wọ́ rẹ, wọn á fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, ó parí. N kò ní bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Èyí tí o bá fẹ́ sọ, sọ ọ́, èyí tí o kò bá fẹ́ sọ, jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n mo ti rò ó, ọgbọ́n sì ti dé. Dálémosú ni ẹni tó wá gbé inú ilé bàbá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sanwó yàrá, àlejò ni, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń pe àlejò ní dálémosú láyé yìí. Mo ti lọ sọ fún Ìyá Adédayọ̀ pé mo ti sọ ẹ̀yìn ilé mi di ibi ìsinmi olótùútù fún àwọn ará ìlú ńlá, irú èyí tó wà ní Kàlábà, kùrukùru wà, oúnjẹ wà, a kò kàn ní okùn tó ń gbé èèyàn lọ sókè ni. Ó mi orí títí, ó ní òun kò mọ̀ pé ojú mi là tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń bi mí bóyá ọmọ òun tó wà ní Èkó náà lè gbà á lẹ́yìn rẹ. Mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín.

Nítorí náà, ọmọ mi, owó ni mo ń tọrọ o. Fi ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ lórí òkè yẹn ránṣẹ́ sí mi, má sì fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí o fi í ránṣẹ́, tí gbogbo agboolé bá ti jókòó síta, n ó ti tẹ fóònù mi sí ariwo, kí àláàtì náà dún kí gbogbo wọn gbọ́. Ìyá Doyinsọ́lá yóò kà á sókè pé Motọ́lání ti sanwó yàrá. Bí ẹ bá dé, n ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ níṣojú wọn, n ó pè ọ́ ní kọ́sítọ́mà, ìwọ náà má rẹ́rìn-ín. Bí o bá wọlé tán tí o ti ilẹ̀kùn, sùn. Sùn bó ṣe wù ọ́, èmi ni n ó máa wo àwọn ọmọ.

Ọlọ́run tó mú Hágárì rí omi nínú aginjù, òun náà ni yóò mú ọ rin ọ̀nà náà dé ilé láyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, mọ́tò rẹ kò ní kọṣẹ́, ẹni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ yóò wá bá ọ tọrọ ìjókòó.

Ní ti owó yẹn, n kò ní ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. N ó gbà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣe POS ní ìkóríta, n ó dì í sínú aṣọ, n ó dá a padà fún ọ nínú yàrá. Bí ìsinmi rẹ bá parí tí o sì fẹ́ padà sí Port Harcourt, mú un dání lọ. Bí ó bá sì wá jẹ́ pé o kò fẹ́ padà mọ́, má wá ọ̀rọ̀ kankan sọ fún mi, má sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ṣáà tún owó yàrá rẹ san. Owó kan náà ni, n ó máa dá a padà fún ọ nínú ilé, ìwọ á máa san án fún mi níta, títí tí yóò fi sú àwọn tó ń wò wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.